Ẹ Jẹ́ Kí Sophocles Sọ Yorùbá

Bí a bá dárúkọ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ láàárín àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá, irú ènìyàn méjì ni ó sábà máa ń dìde. Èkínní ni ẹni tí yóò fajú ro, tí yóò ní, 'Kí ni ti wa nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó? Ṣé àṣà tiwa ti tán nílẹ̀ ni?' Èkejì ni ẹni tí yóò gbé àgbọ̀n sókè, tí yóò máa pe orúkọ Homer àti Virgil bí ẹni ń ki oríkì baba rẹ̀, tí yóò sì jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn pé ilé-ìwé tí òun lọ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí àwọn yòókù lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jà, wọn kò sì mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n jọ gbà gbọ́: pé ogún òyìnbó ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Róòmù, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọlé tọ̀ ọ́. Irọ́ ni.

Nígbà tí Sophocles ń kọ eré fún àwọn ará Áténì, èyí tí ó ti lé ní 2,400 ọdún báyìí, kò tíì sí èdè kankan lórí ilẹ̀ ayé tí ń jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 43 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn ọmọ-ogun Róòmù ré òkun kọjá sí ilẹ̀ Bìrìtéènì, wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilẹ̀ abẹ́ wọn fún ohun tí ó lé ní 350 ọdún. Inú ìwé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ Látìn àti Gíríìkì, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni mìíràn ti lè kọ́ ọ. Ẹni tí ó yá aṣọ wọ̀ kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó aṣọ kí ó máa lé ẹlòmíràn sẹ́yìn. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ni a fi ń jogún irú nǹkan báyìí, ará Íjíbítì yóò jogún ṣáájú ará Lọ́ńdọ̀nù, nítorí Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ni ilé-ìkàwé Gíríìkì tí ó lókìkí jù lọ wà láyé àtijọ́.

Àwọn ará Róòmù gan-an ni ó yẹ láti fi ṣe àwòkọ́ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ipò tí èdè wọn wà nígbà kan jọ ipò tí èdè Yorùbá wà lónìí. Wọ́n lágbára lójú ogun, ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì ni ó ní ìwé, Gíríìkì ni èdè ọ̀mọ̀wé. Àní Fabius Pictor, ará Róòmù àkọ́kọ́ tí ó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sínú ìwé, Gíríìkì ni ó fi kọ ọ́. Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní 240 kí a tó bí Kristi, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun àkọ́kọ́ láàárín Róòmù àti Kátéèjì parí, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Livius Andronicus gbé eré Gíríìkì sórí ìtàgé ní Róòmù ní èdè Látìn. Gíríìkì ni Livius fúnra rẹ̀. Ìtàn sọ pé ẹrú ni ó jẹ́ ní Róòmù kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Òun náà ni ó túmọ̀ Odyssey ti Homer sí Látìn. Ọgbọ́n tí ó dá síbẹ̀ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Kò fi ìlù Gíríìkì lu ewì náà. Ìlànà ewì àbáláyé ti àwọn ará Róòmù ni ó lò. Níbi tí Homer ti ké pe òrìṣà orin àwọn Gíríìkì, Livius kò dárúkọ àjèjì fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Camena ni ó pè, òrìṣà omi tí wọ́n mọ̀ nílé. Ìwé yìí wọ ilé-ìwé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Horace akéwì, tí wọ́n bí ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò gbàgbé bí olùkọ́ rẹ̀, Orbilius, ti fi ẹgba kọ́ ọ ní ewì Livius. (Kí àwọn olùkọ́ tí ń fi ẹgba kọ́ ọmọ ní ewì rántí pé ẹgba yìí ni Orbilius fi wọnú ìtàn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ rẹ̀.)

Nígbà tí ó di ayé Cicero, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń sọ pé Látìn kò lè gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ronú jinlẹ̀ lọ kọ́ Gíríìkì. Lucretius pàápàá, tí ó fi ewì Látìn ṣàlàyé bí ayé ti rí, ráhùn pé èdè baba òun tòṣì. Cicero kò jókòó ráhùn. Ní 45 kí a tó bí Kristi, ó ń kọ ìwé lé ìwé ní Látìn lórí ìmọ̀ ọgbọ́n-orí àwọn Gíríìkì, níbi tí kò bá sì ti rí ọ̀rọ̀ lò, ó ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Plato ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan ní Gíríìkì fún irú tí nǹkan jẹ́. Cicero wo ọ̀nà tí ó gbà dá a, ó mú ọ̀rọ̀ Látìn tí a fi ń béèrè pé 'irú wo?', ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó sì pè é ní qualitas. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí kò lè yin ọjà wọn kí wọ́n má lo ọmọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn tí wọ́n ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá ṣe, èyí tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé. Òun náà ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà. Ẹni tí ó bá gbà pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, kí ni ó dé tí ẹnu rẹ̀ fi ń wọ́ nígbà tí a bá ní kí a fi ṣe eré Sophocles?

Ìtàn Terence tún wà níbẹ̀, èyí tí ó yẹ kí gbogbo òṣèré Yorùbá mọ̀. Kátéèjì ní Àríwá Áfíríkà ni ìtàn àtijọ́ sọ pé wọ́n ti bí i. Afer, tí ó túmọ̀ sí ará Áfíríkà, wà lára orúkọ rẹ̀. Ẹrú ni òun náà, nílé aṣòfin kan ní Róòmù. Olówó rẹ̀ fi í sí ẹ̀kọ́, ó sì dá a sílẹ̀. Eré mẹ́fà ni ó kọ, inú eré àwàdà àwọn Gíríìkì ni ó sì ti mú gbogbo wọn. Látìn rẹ̀ já gaara tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-ìwé Yúróòpù fi ń fi í kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ń jẹ́ Ará Áfíríkà ni ó ń kọ́ wọn ní Látìn! Síbẹ̀, kò rọrùn fún un. Ní 165 kí a tó bí Kristi, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ tí ń jẹ́ Hecyra, èyíinì ni ìyá ọkọ, òkìkí kàn pé àwọn abẹ̀ṣẹ́ àti ẹni tí ń rìn lórí okùn ń bọ̀. Òǹwòran dìde, eré túká. Wọ́n tún un ṣe ní 160. Apá kìn-ín-ní ń dùn mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ẹnìkan pariwo pé àwọn oníjà-idà fẹ́ jà. Èrò ya wọlé, wọ́n ń jà du àyè ìjókòó, eré tún túká. Lọ́dún yẹn kan náà, Ambivius Turpio, àgbà òṣèré tí ó ni ẹgbẹ́, tún gbé e jáde lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bọ́ síwájú, ó ro ẹjọ́ eré náà fún àwọn ará ìlú, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jókòó wò ó tán. Ẹgbẹ́ òṣèré wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni bọ́ọ̀lù kò tíì kó òǹwòran mọ́ lọ́wọ́ rí? Turpio kò padà sílé lọ máa sọ pé àwọn ará Róòmù kò mọyì àṣà. Ó tún ìtàgé tò.

Kí ni ó wà nínú eré Gíríìkì tí àwọn ará Róòmù fi ń wá a kiri? Kì í ṣe ìwé. Ní Áténì, ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń ṣe ọdún Dionysus, òrìṣà wáìnì, ní ẹsẹ̀ òkè Akrópólísì níhà gúúsù. Ìta gbangba ni, lójú ọ̀sán. Akéwì mẹ́ta ni yóò gbé eré ìbànújẹ́ wá, olúkúlùkù pẹ̀lú eré mẹ́ta, tí yóò sì fi eré yẹ̀yẹ́ kan lé e. Ìlú a yan olówó kan láti ru ìnáwó àwọn elégbè, kí ó wọ̀ wọ́n láṣọ, kí ó sì san owó ẹni tí ń kọ́ wọn. Elégbè méjìlá ni ó ń wà tẹ́lẹ̀. Sophocles ni wọ́n ní ó sọ wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, ìbòjú wà lójú wọn, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn, títí kan àwọn tí ń ṣe obìnrin. Nígbà tí ó yá, ìjọba ya owó sọ́tọ̀ kí tálákà lè rí owó ẹnu ọ̀nà san. Ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mú àwọn adájọ́ eré, wọ́n sì máa ń ṣi ẹjọ́ dá. Lọ́dún tí Sophocles gbé eré Oedipus ọba jáde, ẹnìkan tí ń jẹ́ Philocles ni ó gba ipò kìn-ín-ní mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí eré Philocles kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù láyé lónìí.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ilé-ìwé sọ ọ́ dà: ìwé pélébé kan, ìbéèrè ìdánwò márùn-ún, 'Ṣàpèjúwe ìwà Oedipus ní ọ̀nà mẹ́rin'. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ọ sórí, á tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó di ọjọ́ alẹ́. Àwọn tí wọ́n ni ín kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ní Epidaurus ní ilẹ̀ Gíríìsì, ibi ìṣeré olókùúta kan wà tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, tí ó lè gba ènìyàn bí 14,000. Láti 1955 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún eré níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èdè tí wọ́n sábà máa ń lò kì í ṣe Gíríìkì ti Sophocles, nítorí Gíríìkì ayé àtijọ́ ti ṣòro fún ará Gíríìsì òde òní. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì tí a ń sọ lọ́jà. Ní Sirakúsì, ní erékùṣù Sísílì, láti 1914 ni wọ́n ti ń lo ibi ìṣeré Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀. Eré Aeschylus ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní èdè Ítálì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kúkú ń takú lórí èdè àtijọ́ náà: ní Kémbíríìjì, láti 1882, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi Gíríìkì gan-an ṣe eré. Ohun iyì ni, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ onílé bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ kí ó lè yé e, àlejò wo ni ó ní kí Yorùbá má túmọ̀ rẹ̀?

Àwọn ọmọ Yorùbá kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1968, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọlá Rótìmí gbé The Gods Are Not to Blame jáde. Ó gba ìtàn Oedipus lọ́wọ́ Sophocles, ó sọ ọ́ di ìtàn Ọdẹ́wálé, ọba ìlú Kútújẹ. Ní 1973, ilé-ìṣeré ńlá ti ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe eré Bacchae ti Euripides, bí Wọlé Ṣóyínká ti tún un kọ. Ní 1994, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé Tẹ̀gọ́nni jáde ní Amẹ́ríkà láti inú Antigone. Ní 2004, ó gbé Women of Owu jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ìparun ìlú Òwu rọ́pò ìparun Tírọ́ì. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Orin Yorùbá wà níbẹ̀, òwe Yorùbá wà níbẹ̀ ní aṣọ àyálò. Ọba Yorùbá, ìjòyè Yorùbá àti olorì Yorùbá jókòó ní ààfin láàárín ara wọn, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ara wọn. Àwọn tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì kò kan ẹ̀ka Yorùbá ni wọ́n jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka Yorùbá kọ ọmọ náà, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á tọ́.

Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ kò kéré. Oedipus kì í ṣe orúkọ lásán. Ní Gíríìkì, 'ẹlẹ́sẹ̀-wíwú' ni, nítorí wọ́n gún ọmọ náà ní ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jù sórí òkè. Nígbàkigbà tí wọ́n bá pe ọba náà, àwọn ará Áténì ń gbọ́ ẹsẹ̀ nínú orúkọ rẹ̀. Òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbọ́ ọ, àfi bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sójú pátákó fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni Ìgè fi wáyé, tí ó mọ̀ pé ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Àìná, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ pé orúkọ a máa sọ ìtàn ẹni?

Èyí tí ó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni ti àfọ̀ṣẹ inú eré náà. Apollo sọ láti Delphi pé ọmọ tí Laius ọba bá bí ni yóò pa á. Bí wọ́n bá fi Yorùbá ṣe eré yìí ní ìta gbangba, kí ó tó dé ìdajì ni ìyá kan yóò ti béèrè láti ìdí igbá rẹ̀ pé, 'Wọn kò bi í léèrè ohun tí wọn yóò fi rúbọ ni?' Ìbéèrè òpè kọ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ Ifá mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dá a tán, ẹbọ ni ó kàn. Orí ẹni àti ìwà ẹni ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Nínú eré Sophocles, kò sí ibì kan tí a ti gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí Laius rú ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ti jáde, ó di dandan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bí àwọn Gíríìkì ti rí àyànmọ́ àti bí Yorùbá ti rí i jókòó síbẹ̀ gan-an, ìyá onígbá yìí yóò sì ti dé ibẹ̀ kí ọ̀mọ̀wé tó ṣí ìwé rẹ̀. Àwọn kan tún wà, tí inú wọn dùn sí Gíríìkì ju bí ó ti yẹ lọ, tí wọ́n ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé Zeus ni Ṣàngó, pé Apollo ni Ọ̀rúnmìlà. Apollo kì í ṣe Ọ̀rúnmìlà rárá. Eré tí a bá ṣe ní Yorùbá ni yóò tètè fi ìyẹn hàn, nítorí èdè fúnra rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́.

Ẹ̀bùn yìí kì í ṣe ti apá kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ń jà lórí bí Homer ti ṣe lè ké ewì tí ó gùn tó Iliad láìsí ìwé. Ní 1933 sí 1935, Milman Parry, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Yugoslavia láti gbọ́ àwọn akéwì tí kò mọ ìwé, tí wọ́n ń fi gòjé olókùn kan kọ ìtàn akọni fún wákàtí lé wákàtí. Ibẹ̀ ni ó ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oríkì tí Homer fi ń pe Achilles àti Odysseus léraléra, irinṣẹ́ akéwì alohùn ni wọ́n. Ọlọ́hùn ìjálá wo ni kò mọ èyí? Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Bí a bá pe àsọyé kan lórí Homer, tí ọ̀mọ̀wé kan jókòó lápá kan, tí oníjàálá kan jókòó lápá kejì, tí olúkúlùkù ń fi ohùn hàn bí a ti ń ki akọni, ta ni yóò sùn nínú gbọ̀ngàn náà? Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní Gíríìkì àti Látìn. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948 ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn ẹ̀ka Yorùbá ni ó ti kọ̀wé sí wọn rí pé kí wọ́n wá sọ̀rọ̀?

Àwọn kan yóò ní ẹ̀kọ́ náà le, pé kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ìtàn John Ferguson dá wọn lóhùn. Láti 1956 dé 1966 ni ó fi jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ yìí ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ pé kìkì ọmọ tí ó la ilé-ìwé gíráámà já dáadáa ni ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Open University sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, òun ni ó di olórí àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọnà àti lítíréṣọ̀ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kò béèrè ìwé-ẹ̀rí kí ènìyàn tó wọlé. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé tí a fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni. Awakọ̀ àti ìyálé ilé ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń sọ Yorùbá kún ilẹ̀ wa lónìí. Ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ kan tó láti sọ ìtàn Odysseus, bí ó ti pa dà sílé bí alágbe lẹ́yìn ogún ọdún, tí ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ dàgbà fi ọwọ́ kan àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ó ti ń wẹ ẹsẹ̀ fún un, tí ó sì mọ̀ pé òun ni. Ẹni tí ó mọ àlọ́ ọ́ pa kò ní bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá gbọ́ èyí.

Àtakò méjì ṣì wà nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ti àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n ní òrìṣà àwọn kèfèrí ni ó kún inú eré wọ̀nyí. Kí wọ́n rọra. Bíbélì, Kristi, áńgẹ́lì, àpọ́sítélì: Gíríìkì ni orírun gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìwé tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ tí ó tẹ̀ jáde nínú Bíbélì, ní 1850, ìwé tí Pọ́ọ̀lù fi Gíríìkì kọ sí àwọn ará Róòmù ni. Gíríìkì ti wọ inú Yorùbá kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tí ń ṣàtakò tó kọ́ a-bí-dí. Ti èkejì ní agbára díẹ̀: pé owó kò tó, àkókò kò tó, eré Yorùbá gan-an kò rí ẹni ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Kí a so wọ́n pọ̀ ni. Ní 1964, Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Bẹ̀líìnì, ó fi Yorùbá ṣe é níwájú àwọn ará Jámánì, kò sì sí ẹni tí ó ní èdè náà kò tó gbé ìbànújẹ́ ọba.

Antigone ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀ka tí ó bá ṣe é sì ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní sáà kan náà. Ọmọbìnrin kan ni Antigone, tí ọba ní kí wọ́n má ṣe sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ sí òkú náà lára, wọ́n mú un, ó ní òun kò sẹ́. Creon ọba kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni, títí ọmọ rẹ̀ fi kú àti aya rẹ̀. Ẹfúnṣetán náà pàdánù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, òfin tí ó wá ṣe lórí àwọn ẹrú rẹ̀ le ju ti Creon lọ. Ẹnìkan ní òfò kí ó tó ṣìkà, ẹnìkan ṣìkà kí ó tó ní òfò: àsọyé odindi ìrọ̀lẹ́ kan wà nínú ìyẹn nìkan. Ní erékùṣù Róbẹ́ǹ, níbi tí ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà fi àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe Antigone, Mandela sì ni ó ṣe Creon. Àwọn yẹn kò dúró béèrè ẹni tí ó ni eré náà.

Ti ìbòjú yóò fa àríyànjiyàn, nítorí àwọn kan yóò rí egúngún nínú rẹ̀. Kí wọ́n lo atíkè àti osùn, kí iṣẹ́ máa lọ. Kí wọ́n wá ẹni tí ó gbọ́ Gíríìkì láti Ìbàdàn tí yóò máa jókòó ti àwọn olùtumọ̀, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì má baà tàn wọ́n jẹ. Ẹsẹ̀ 1,353 ni ó wà nínú eré náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún bá ń túmọ̀ ẹsẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ni yóò gbà wọ́n, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.